Ìdí Tí A Fi Ń Yọ Èjì: Àpapọ̀ Igun Inú Onígun Púpọ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ òfin yìí sórí: a yọ 2 kúrò nínú iye igun, a sì fi dìgírì 180 sọ ìyókù di púpọ̀. Díẹ̀ nínú wọn ló mọ orísun 2 náà. Ní 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò ní Ilé-Ifẹ̀. Àlàyé yìí náà kò kọjá agbára èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a ya onígun márùn-ún tí igun rẹ̀ kankan kò tẹ̀ wọnú. Láti igun kan, kí a fa ìlà lọ sí àwọn yòókù. Igun náà kò lè fa ìlà sí ara rẹ̀. Ìhà sì ti so ó pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì. Nítorí náà, ìlà 2 péré ló kù. Iye ègé máa ń fi 1 ju iye ìlà lọ, a sì rí onígun mẹ́ta 3, tí igun wọn para pọ̀ di igun inú márààrún.

Ọgọ́sàn-án jẹ́ ogún mẹ́sàn-án. Ní ìlọ́po mẹ́ta, ó di ogún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, èyí tí í ṣe 540. Bí igun bá jẹ́ n, ìlà jẹ́ n − 3, onígun mẹ́ta sì jẹ́ n − 2. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìdí yìí lè fúnra rẹ̀ tún òfin náà rí bí ó bá gbàgbé rẹ̀.