Ihò Ẹlẹ́nu Méjì: Ààrò Inú Ilẹ̀ fún Àsè Wa ní Idu

Bí ìsọmọlórúkọ bá ti ń tẹ̀lé ara wọn báyìí, ọ̀rọ̀ ìdáná kò ní ṣàì jẹyọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ lo ojú ewé yìí láti sọ̀rọ̀ lórí irú ààrò kan tí yóò wúlò fún ìdílé tí ń gbé ọgbà ayálégbé.

Ní ilé bàbá wa, ẹ̀yìnkùlé gbòòrò. Òkúta mẹ́ta, igi ìdáná, ìkòkò ńlá, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà sì ti wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ilé kò jọ ọ̀nà. Níhìn-ín, ìdílé mẹ́fà lè máa pín ọgbà kan ṣoṣo lò, tí fèrèsé ẹnì kan yóò kọjú sí ibi ìdáná ẹnì kejì. Bí èéfín àsè wa bá kún yàrá aládùúgbò tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́, ìrẹsì wa ìbáà dùn bí oyin, inú rẹ̀ kò ní dùn sí ìkómọjáde wa. Bí a bá sì ní kí a fi gáàsì se oúnjẹ ọgọ́rùn-ún ènìyàn, owó gáàsì nìkan tó láti ba ayọ̀ ọjọ́ náà jẹ́.

Ẹ má sì fi ojú kékeré wo èéfín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bí 3,200,000 ènìyàn ni èéfín ìdáná inú ilé ṣe ikú pa káàkiri ayé. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ààrò ni ó ń bá jà jù.

Ààrò tí a ń sọ yìí kì í ṣe nǹkan ìyanu. Ihò méjì ni a óò gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan so pọ̀. Iná ń jó nínú ihò ńlá, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú ihò kékeré wọlé. Bí iná bá ti mú, ooru rẹ̀ a máa gòkè, a sì máa fa afẹ́fẹ́ tuntun láti ihò kékeré wá sí ìdí igi. Ẹni tí ó bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí yóò ti mọ iṣẹ́ tí ẹwìrì ń ṣe. Ihò kékeré yìí ni ẹwìrì tiwa, kò sì sí ẹni tí yóò máa fín in. Nítorí pé iná rí afẹ́fẹ́ tó, igi a jó dáadáa, èéfín rẹ̀ a sì dín kù. Nítorí pé ògiri erùpẹ̀ yí iná ká, ooru kì í fọ́n ká, ìwọ̀nba igi díẹ̀ ni yóò sì hó omi.

Àwọn òyìnbó ń pè é ní Dakota, èyí tí í ṣe orúkọ ẹ̀yà kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ẹ̀yà mìíràn pẹ̀lú mọ bí a ti í fi ilẹ̀ ṣe ààrò. Àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ Sàhárà, tí díẹ̀ nínú wọn wà ní Niger tí ó múlé gbè wá, a máa ri búrẹ́dì mọ́ inú yanrìn gbígbóná lábẹ́ ẹyín iná títí yóò fi jinná. Àwọn Māori ní New Zealand a máa gbé ẹran àti ọ̀dùnkún sórí òkúta gbígbóná nínú kòtò, wọn a sì fi erùpẹ̀ bò ó fún wákàtí díẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ gbẹ́ ihò kìíní kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ó sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 1 sílẹ̀, kí ẹ wá gbẹ́ ihò kejì ní ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 6. Ní àkókò ọyẹ́, ìhà àríwá sí ìlà-oòrùn ni ìhà náà. Ẹ dá ihò kejì yìí lu ìsàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹ to igi gbígbẹ tí a là wẹ́wẹ́ sí inú ihò ńlá, kí ẹ ṣáná sí i. Ẹ gbé irin méjì tàbí mẹ́ta dábùú ẹnu rẹ̀, kí ẹ tó gbé ìkòkò lé e. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdí ìkòkò dí ẹnu ihò pátápátá, nítorí iná tí kò bá rí ibi mí yóò kú.

Èyí tó fún ìkòkò kan. Bí èrò bá pọ̀, yàrà ni kí ẹ gbẹ́: kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kí ó jìn tó bẹ́ẹ̀, kí ó sì gùn tó iye ìkòkò yín. Kí orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀.

Ní ti ibi tí a óò gbẹ́ ẹ sí, àlejò lójú, kò fi ríran. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni gbogbo ibí kí ìjọba tó yàn án fún olú-ìlú ní ọdún 1976, wọ́n sì mọ amọ̀ rẹ̀ dunjú. Ọmọ wọn ni Ladi Kwali, ìyá amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Ẹ bi àwọn aládùúgbò yín nínú wọn pé ibo ni ilẹ̀ ti rọ̀, ibo ni omi ti ń dúró sí. Ẹ gba àṣẹ onílé. Ẹ sì bi í bóyá páìpù omi tàbí wáyà iná mànàmáná gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, nítorí iléeṣẹ́ ńláńlá ti pọ̀ ní Idu, ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ sí Kaduna sì ti ń gbéra níhìn-ín láti ọdún 2016. Ọkọ́ tí ó bá kan wáyà kì í mọ̀ pé àsè ni a ń ṣe.

Ẹ jìnnà sí koríko gbígbẹ, sí ògiri pákó àti sí ìdí igi, nítorí iná a máa wọ gbòǹgbò, a sì máa jó lọ lábẹ́ ilẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ẹ má ṣe fi òkúta odò ṣe ààrò: omi tí ó wà nínú rẹ̀ lè mú kí ó bú gbàmù. Kí àgbàlagbà kan máa ṣọ́ ẹnu ihò méjèèjì, nítorí ọmọ tí ń sáré kò rí ilẹ̀.

Ohun kan wà tí a ń bẹ̀ yín gidigidi lé lórí. Bí òtútù ọyẹ́ bá mú lálẹ́ ọjọ́ àsè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ẹyín iná láti inú ihò wọ yàrá láti fi yá. Ẹyín iná tí kò rú èéfín mọ́ ṣì ń tú atẹ́gùn olóró jáde, èyí tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Ìyá àti ọmọ lè sùn lọ nínú rẹ̀ kí wọ́n má jí.

Bí oúnjẹ bá tán, iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ da omi sí iná, ẹ rò ó pọ̀, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò fi ní gbọ́ ooru mọ́ lókè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kó erùpẹ̀ padà sínú ihò méjèèjì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ihò tí a bá fi sílẹ̀ ní òru, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò rí i.

Ẹni tí ó bá ní ìkómọ tàbí ìgbéyàwó níwájú, kí ó fi tó àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa létí ní ìpàdé, kí wọ́n lè wá bá a gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì bá a dí i. Kí Olúwa jẹ́ kí a máa fi ayọ̀ pe ara wa. Àṣẹ.