Ẹni Tí Ó Mòòkùn, Kí Ó Rọra Gòkè

 

Àwa ará Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Adágún Ẹlẹ́yẹlé ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń lo ìsinmi wọn lójú òkun. Ní Òkun Pupa, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, wọn a gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n, wọn a sì mòòkùn lọ wo ẹja. Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, ará Faransé, ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mí bẹ́ẹ̀ ní 1943. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ewu wà nínú lílọ sísàlẹ̀ omi. Ewu tí ó wà nínú bíbọ̀ wá sókè ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní ìdájí ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan, Jascon-4, dojú dé lẹ́bàá Ìpínlẹ̀ Delta, ó sì rì tó nǹkan bíi mítà 30. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Alásè ọkọ̀ náà, Harrison Okene, nìkan ni orí kó yọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí ibì kan nínú ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ó ti ń mí, nínú òkùnkùn àti òtútù, fún bíi wákàtí 60. Àwọn tí wọ́n wá gbé òkú ni wọ́n bá a láàyè.

Ẹ ó ní kí wọ́n tètè fà á gòkè. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ìbá pa á. Kí ló fà á?

Omi wúwo, ẹ bi ẹni tí ó ru korobá omi. Bí a bá wọ òkun tó mítà 10, ohun tí ń tẹ̀ wá di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tí Okene ń mí náà ti fún pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni náítírójìn, tí í ṣe bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́, ṣe yòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀.

Ẹ ra ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ní Dùgbẹ̀. Bí ìdérí bá wà lórí rẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, yóò hó yaya. Bí ẹ bá rọra tú u, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó sáré gòkè ṣe ń hó. Afẹ́fẹ́ náà a há sí oríkèé ara, a há sí ọpọlọ. Ó lè rọ ènìyàn lápá rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi Okene sínú yàrá irin tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fún bíi ti ìsàlẹ̀ òkun, tí wọ́n sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ohun tí ó ju ọjọ́ méjì lọ.

Àwọn tí ń mòòkùn fún fàájì náà ní òfin tiwọn. Wọn kì í di èémí mú bí wọ́n bá ń gòkè, nítorí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró a máa wú, ó sì lè ya á. Wọn a rọra gòkè, wọn a sì dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Okene ńkọ́? Ó padà sínú omi! Ní 2015 ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mímòòkùn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó dìgbà kan ná o.