Ẹgbẹ́ Méjì, Òkun Kan Láàárín

Kò sí ẹgbẹ́ Rotary tó lè dá gba Global Grant, owó ìrànwọ́ ńlá tí àjọ Rotary Foundation máa ń fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Bí àwọn kan ní Ìbàdàn bá fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan, wọ́n ní láti wá ẹlẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ òkèèrè tí wọn yóò jọ tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn ará Chicago náà, bó ti wù kí owó wọn pọ̀ tó, kò lè fi owó yẹn gbẹ́ kànga sí Nàìjíríà láìsí Rotary onílé níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ tó $30,000, ó kéré tán.

Onílé ló máa lọ jókòó ti àwọn ìyá lábúlé, tí yóò bi wọ́n léèrè: ibo lẹ ti ń pọnmi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ yóò máa wà? Bó bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí àlejò ti lọ, ta ni yóò sanwó ẹni tó tún un ṣe? Bí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò bá sí nínú ìwé tí wọ́n fi tọrọ owó, ó tán nìyẹn. Àwọn ti òkèèrè ní tiwọn á wá owó láti àpò ara wọn àti ti àgbègbè Rotary wọn, kí Foundation tó fi tirẹ̀ lé e.

Ibo ni wọ́n ti ń pàdé? Nígbà mìíràn, ọmọ ìlú tó ń gbé lẹ́yìn odi ló máa mú wọn mọra. Ìpàtẹ tún wà tí àwọn Rotary Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń ṣe: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tẹ́ tábìlì, á kó àwòrán iṣẹ́ àti ìṣirò owó sórí rẹ̀, àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ná ọjà.

Owó nìkan kọ́ ló ń so wọ́n pọ̀ o. Ẹgbẹ́ méjì lè jọ di ọ̀rẹ́ lásán, kí wọ́n máa kọ̀wé síra wọn, kí wọ́n sì ṣe pàṣípààrọ̀ àsíá kékeré tí orúkọ ìlú wọn wà lára rẹ̀. Ní 1950, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́dún márùn-ún, àwọn ọmọ Rotary Faransé àti Jámánì dá ìgbìmọ̀ àjọṣe sílẹ̀ ní Strasbourg. Kò sẹ́ni tó ń ṣàánú ẹnì kejì níbẹ̀. Irú ìyẹn ló yẹ kó wọ́pọ̀ sí i láàárín Áfíríkà àtàwọn òyìnbó, nítorí ilẹ̀ yìí kì í ṣe alágbe nínú Rotary: agbẹjọ́rò kan láti Kano, Jonathan Majiyagbe, ti jẹ ààrẹ gbogbo ẹgbẹ́ náà lágbàáyé ní 2003. Kò sì pọn dandan kí ọ̀rẹ́ jìnnà. Kútọnù ò ju ẹ̀yìn ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń ṣèpàdé.

Ohun tó máa ń ba àjọṣe jẹ́ jù ni kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ọdún Rotary ń bẹ̀rẹ̀, ọdún kan péré sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ ń lò. Ẹni tó mú ọ̀rẹ́ wá á gbé ipò sílẹ̀, ẹni tó gorí àga á ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́kàn, lẹ́tà àwọn ará òkèèrè á sì di ohun tí kò sẹ́ni tó ń dáhùn mọ́. Wákàtí pàápàá kò bára mu: bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Chicago nígbà ooru wọn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù l'Ékòó.

Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta fi gbọ́dọ̀ wà ní ìhà méjèèjì lórí Global Grant, kí iṣẹ́ má baà kú sọ́wọ́ ẹnì kan. Títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, lọ́dọọdún ni wọ́n ń jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe ná owó. Bó bá sì parí, oṣù méjì ni wọ́n ní láti fi ìròyìn ìkẹyìn ránṣẹ́.