Àwọn Ẹranko Ara Ìkòkò ní Íjíbítì Àtijọ́

Nígbà tí a bá gbọ́ orúkọ Íjíbítì, ọkàn wa a máa lọ sọ́dọ̀ Fáráò àti àwọn pírámídì. Ṣùgbọ́n ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kí a tó kọ́ pírámídì èkíní ni àwọn amọ̀kòkò etí odò Náílì ti ń ya ẹranko sára ìkòkò. Wọn kò mọ ìwé kíkọ. Kí ni àwòrán wọn ń wí?

Ní ọdún 1895 ni Flinders Petrie, ará Gẹ̀ẹ́sì, hú ibojì tí ó lé ní 2,000 ní Naqada. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn àlejò tí ó wọ ilẹ̀ náà ni ó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1896 Jacques de Morgan fi hàn pé àwọn tí ó ṣáájú Fáráò ni.

Oríṣi ìkòkò méjì ni ó yẹ kí a kíyèsí. Ti ìṣáájú, ní nǹkan bí ọdún 3800 ṣáájú ìbí Kristi, pupa dídán ni. Ọ̀dà funfun ni a fi ya erinmi, ọ̀nì àti ọdẹ sí i lára. Lára àwo kan tí ó wà ní Moscow nísinsìnyí, ọdẹ kan mú ọrun lọ́wọ́ kan, ó sì fi okùn mú ajá mẹ́rin lọ́wọ́ kejì. Ti ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 3500. Àwọ̀ amọ̀ rẹ̀ dà bí ti yanrìn, ọ̀dà rẹ̀ sì pọ́n. Ọkọ̀ alájẹ̀ púpọ̀ àti ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bí ògòǹgò ni ó gba ipò erinmi.

Bí ẹnìkan bá wí pé ẹran jíjẹ wọn ni wọ́n ń yà, egungun inú ààtàn wọn yóò já a ní irọ́. Màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ jùlọ. Kì í sì í ṣe ìwọ̀nyí ni ó gba iwájú lára ìkòkò. Erinmi a máa dojú ọkọ̀ dé, a sì máa jẹ oko run lóru. Nínú àwòrán mìíràn, ọ̀kọ̀ tí a so mọ́ okùn ti gún un. Nítorí náà ni a ṣe gbà pé ìṣẹ́gun lórí ohun ẹlẹ́rù ni wọ́n ń yà, tí wọ́n sì ń sin pẹ̀lú òkú wọn.

Èrò náà kò kú. Ní nǹkan bí ọdún 1325 ṣáájú ìbí Kristi, a sin ọba Tutankhamun pẹ̀lú ère tirẹ̀ tí ó dúró nínú ọkọ̀, tí ó gbé ọ̀kọ̀ sókè láti gún erinmi. Ṣùgbọ́n a kò gbẹ́ erinmi náà rárá. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, nígbà náà, kí a má pe ẹni tí kò mọ ìwé ní ẹni tí kò ní èrò. Ohun tí ọba fi wúrà wí, amọ̀kòkò ti fi amọ̀ wí i ṣáájú rẹ̀.