Kámẹ́rà Kò Mọ Ẹni Tí Ó Ń Wò

Ẹ gbé kámẹ́rà DSLR sójú, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ "kátà!", ojú ihò tí ẹ ń gbà wòran á ṣú fún ìgbà díẹ̀ bíńtín, á sì tún mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú ṣú yẹn ti mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí, ó sì sàn kí ènìyàn mọ̀ ọ́n kí ó tó kówó jáde lápò.

Dígí kékeré kan wà nínú kámẹ́rà, lẹ́yìn lẹ́ǹsì gan-an, tó dagun ní dígírì 45. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú lẹ́ǹsì wọlé á kọlu dígí yìí, dígí á sì darí rẹ̀ sókè sínú gíláàsì onígun márùn-ún tó wà lórí kámẹ́rà, níbi tó yọ gọnbu yẹn. Gíláàsì náà ló ń yí àwòrán sípò kí ọ̀tún má baà di òsì, kí ó tó dé ojú yín. Ní ti àwọn kámẹ́rà tí owó wọn kò wọ́n, dígí pélébé ni wọ́n tò síbẹ̀ dípò gíláàsì, ìdí nìyẹn tí inú ihò wọn fi ń ṣókùnkùn díẹ̀. Ohun tí lẹ́ǹsì rí ni ẹ̀yin náà ń rí, ìmọ́lẹ̀ gidi ni, kì í ṣe àwòrán orí sìkíríìnì.

Bí ẹ bá wá tẹ bọ́tìnnì, ihò inú lẹ́ǹsì á sún kì dé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, dígí á fò sókè, á kúrò lọ́nà. Ìyẹn ló fa ìṣújú. Ìkélé méjì tó fẹ́lẹ́ ló wà lẹ́yìn dígí, àwọn ni ṣọ́tà. Ti àkọ́kọ́ á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sára sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán. Ìkejì á tẹ̀lé e, á bò ó padà. Dígí á wálẹ̀. Bí ẹ bá fi ṣọ́tà sí 1/250, ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìmọ́lẹ̀ fi rí ààyè wọlé.

Kodak ló kọ́kọ́ gbé DSLR wá sọ́jà ní 1991. Kámẹ́rà fíìmù Nikon F3 ni wọ́n mú, wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ tó ní mẹ́gápíksẹ̀lì 1.3 sí i, ayàwòrán sì ní láti gbé àpótí tó ń tọ́jú àwòrán kọ́ èjìká lọ́tọ̀. Ní 2003 ni Canon gbé EOS 300D jáde ní iye tí kò tó 1,000 dọ́là. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ẹni tí kì í ṣe ayàwòrán ìwé ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tó o.

Sẹ́ńsọ̀ ni ẹ ń sanwó fún. Nínú DSLR Nikon tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rà, ó fẹ̀ ní bíi mìlímítà 23.5, ó ga ní 15.6, ti Canon kéré sí i díẹ̀, ti fóònù kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tó fẹ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń tajà á máa pariwo mẹ́gápíksẹ̀lì sí yín létí: "Ẹ̀gbọ́n, 24 ni tèyí o, 18 péré ni tọ̀hún!" Ẹ má jẹ́ kó kó sí yín lórí. Fọ́tò tí a fẹ́ tẹ̀ sórí bébà oní-ínǹṣì 8 sí 10, mẹ́gápíksẹ̀lì 8 ti kárí rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a pẹ́ sí nìyí. Ohun kan wà nínú kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, òun ló ń sọ bóyá kí ṣọ́tà pẹ́ tàbí kí ó yára. Àmọ́ kò mọ ohun tí ó ń wò. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara nǹkan ló ń rí, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi kọ́ ọ: pé bí a bá da gbogbo ohun tó wà níwájú lẹ́ǹsì pọ̀, àwọ̀ eérú ni kó já sí, kó má dúdú, kó má funfun. Káàdì eérú tí àwọn ayàwòrán fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ máa ń dá ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e padà. Irú ojú ayé bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà ń wá kiri. Àwọn kámẹ́rà tuntun ń gbìyànjú láti dá ojú ènìyàn mọ̀, síbẹ̀ ìwà náà kò tíì kúrò lára wọn.

Ẹ dán an wò nílé. Ẹ fi aṣọ funfun kún iwájú lẹ́ǹsì, ẹ yà á. Ẹ fi aṣọ dúdú kún un, ẹ yà á. Ẹ wá gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí àwọ̀ eérú kan náà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e dé òde wa báyìí. Ìyá ìyàwó wọ léèsì funfun, ó we gèlè funfun, ara rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ẹ sún mọ́ ọn títí funfun fi gba gbogbo iwájú lẹ́ǹsì. Kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ká ní ó yan 1/500 ní f/5.6 (f yìí ni ìwọ̀n ihò inú lẹ́ǹsì). Fọ́tò á jáde tán, léèsì á di eérú, ojú Màmá á wọ inú òkùnkùn, ẹ ò ní rí ilà ẹ̀rín tó wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ mọ́. Kámẹ́rà kò bàjẹ́ o, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ + àti − sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ yí rìbìtì tó wà nítòsí ìka yín sí +1. 1/500 á di 1/250, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì, léèsì á funfun, ojú Màmá á sì yọ. Kẹ́ ẹ má kàn ṣe é kọjá àyè: bí funfun bá jó tí iṣẹ́ ọnà ara léèsì parẹ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà.

Ti Bàbá yàtọ̀. Wọ́n wọ agbádá aró tó dúdú dáadáa, wọ́n jókòó síwájú ilẹ̀kùn tó ṣókùnkùn. Kámẹ́rà á ní òkùnkùn pọ̀ jù, á da ìmọ́lẹ̀ sí i, aró á ṣá, awọ ara wọn náà á ṣá. −1 ni kí ẹ yí i sí níbẹ̀.

Lójú mi, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ. Láyé fíìmù, Kodak máa ń fi fọ́tò obìnrin òyìnbó kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò, Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà, awọ obìnrin yẹn ni wọ́n sì fi ń dán àwọ̀ wò kí wọ́n tó tẹ fọ́tò ẹlòmíràn. Ó pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó fi ènìyàn dúdú kún un. Kì í ṣe ayàwòrán nìkan ló jẹ̀bi bí ojú àwọn òbí wa bá ṣú nínú álúbọ́ọ̀mù. Lónìí, àtúnṣe ti wà lábẹ́ ìka ẹnikẹ́ni tó bá mú kámẹ́rà dání, kò sì sí ìdí kankan mọ́ tí a ó fi máa gbé fọ́tò fún ènìyàn dúdú tí awọ inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ má fi sìkíríìnì ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣe ẹlẹ́rìí nínú oòrùn ọ̀sán, torí gbogbo fọ́tò ló máa ṣókùnkùn lójú yín. Ẹ ṣí histogram, àwòrán kékeré tó rí gegele yẹn. Apá òsì rẹ̀ ni òkùnkùn, apá ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀. Bó bá ti rọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, funfun ti ń jó nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ló ń pín iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ láàárín ara wọn. A ti sọ ti ṣọ́tà. Ìkejì ni ihò inú lẹ́ǹsì, tí à ń fi f pè, tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń da orí àwọn ènìyàn rú torí pé bó ṣe ń pọ̀ ni ihò ń kéré. Ẹ máa pín in: lẹ́ǹsì 50 mm ní f/2, ẹ pín 50 sí 2, ihò náà fẹ̀ ní mìlímítà 25, ní f/8, díẹ̀ ló fi ju mìlímítà 6 lọ. Ihò tó fẹ̀ ń mú ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, ó tún ń sọ ẹ̀yìn ẹni tí à ń yà di bàìbàì kí ojú rẹ̀ lè dá yọ. Ìkẹta ni ISO. ISO kò mú ìmọ́lẹ̀ kankan wá rárá. Bí ìgbà tí a yí ohùn rédíò tí kò gbé dáadáa sókè ni, ọ̀rọ̀ á dún síta lóòótọ́, ariwo á sì bá a dún. Ariwo yẹn ni àwọn àmì wínníwínní tó ń sín sára fọ́tò alẹ́.

Ẹ fi rìbìtì orí kámẹ́rà sí A bó bá jẹ́ Nikon, Av bó bá jẹ́ Canon. Ẹ̀yin á yan ihò, kámẹ́rà á yan ṣọ́tà. Àwọn kan á ní M, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan méjèèjì, ni ti ọ̀gá, àmọ́ èmi gbà pé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa tètè kọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú A àti + −, torí nǹkan kan ṣoṣo ló ń yí lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ ṣáà máa wo nọ́ńbà ṣọ́tà. Bó bá lọ́ra ju 1/80 lọ pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50 mm, ọwọ́ tó gbọ̀n á hàn nínú fọ́tò. Ẹni tó ń jó kò sì ní dúró de 1/80. 1/250 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún un, 1/500 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́ kánópì tún ní wàhálà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ búlúù, ojú gbogbo ènìyàn á gba búlúù. Ẹ máa ya RAW, kì í ṣe JPEG nìkan. RAW ń tọ́jú gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ gbà, ẹ lè tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà láìba nǹkan jẹ́. JPEG ti yan tirẹ̀, ó ti da ìyókù nù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjà. Láti 2008 ni kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú ti ń jáde, àwọn ni Canon àti Nikon sì kọjú sí báyìí. Ìyẹn ń já owó DSLR tòkunbọ̀ wálẹ̀, àǹfààní sì ni fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹ mú mẹ́mórì káàdì yín dání. Ẹ béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Nikon máa ń kọ ọ́ sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ọ̀kan kí ẹ fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ Canon kì í kọ ọ́ síbẹ̀, áàpù ni wọ́n fi ń wá a. Nikon dán ṣọ́tà D3200 wò dé ìgbà 100,000. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun, bó bá ń tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 2,000 ní Sátidé kan, Sátidé 50 ló máa fi dé ibẹ̀. Kámẹ́rà náà kò ní kú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ ihò di f/16, kí ẹ ya ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀mejì. Àmì dúdú tó bá dúró sójú kan náà nínú méjèèjì, eruku orí sẹ́ńsọ̀ ni. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ tan iná fóònù gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá rí okùn tín-ín-tín tó ta ẹ̀ka, ọ̀rinrin ti mú kí inú rẹ̀ bu, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹni tó ń ra Nikon ìdílé D3000 tàbí D5000 ní láti mọ̀ pé kò sí mọ́tò nínú wọn tó ń bá lẹ́ǹsì wá ibi tí àwòrán ti mú. Lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ AF-S sí lára ní mọ́tò tirẹ̀. Àwọn AF àtijọ́, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí wọn. Àwọn lẹ́ǹsì EF ti Canon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ní mọ́tò nínú ara wọn.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú afẹ́fẹ́. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ tètè ṣe é. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ inú rẹ̀ láéláé, itọ́ á bà lé dígí. Lásìkò òjò, àwọn àpò kékeré silica gel tó ń bá bàtà tuntun wá, ẹ kó wọn sínú báàgì kámẹ́rà.

Lẹ́ǹsì 18-55 mm tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá kò burú lọ́sàn-án, àmọ́ bí ẹ bá fà á dé 55 mm, f/5.6 ni ihò rẹ̀ lè fẹ̀ mọ. Lẹ́ǹsì 50 mm f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ, bóyá ti Canon tàbí ti Nikon. Nítorí náà, ẹ ra kámẹ́rà tó ti pẹ́ díẹ̀, tí ara rẹ̀ le, kí ẹ fi owó tó bá ṣẹ́kù ra lẹ́ǹsì yìí kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.