Asofẹ́yẹjẹ: Ẹyẹ Ló So Fún

Igi kékeré kan wà létí oko wa tí orúkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀: asofẹ́yẹjẹ. Ẹyẹ ló so fún, kò so fún ọmọ wa.

Ewé rẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀. Mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, ló máa ń hù yí ẹ̀ka ká lójú kan náà. Ẹ já ọ̀kan, oje funfun bíi wàrà á yọ. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun, ó ń ta sánsán. Èso rẹ̀ wá ńkọ́? Bíi hóró ẹ̀wà ni, tó bá pọ́n, pupa fòò! Ọmọdé wo ni kò ní ká a?

Gbòǹgbò rẹ̀ ló le jù. Àwọn bàbá wa ń fi wo wèrè, wọn ò sì parọ́: reserpine wà nínú rẹ̀, oògùn tí wọ́n yọ ní Switzerland lọ́dún 1952 lára ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọn àgbo? Tòní lè ṣàn, kí tọ̀la ki.

Wọ́n gbé ọmọ ọdún méjì kan wá bá mi rí. Wọ́n ní ibà ni wọ́n fi gbòǹgbò yìí wò. A pè é títí, kò dáhùn. Ọjọ́ kejì lojú rẹ̀ tó là.

Aboyún, ẹ má mu ún. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi kún un. Bí ọmọ bá gbé èso rẹ̀ mì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o. Ẹ já ẹ̀ka igi náà dání, kí ẹ gbé ọmọ wá kíá.