Géèmù ẹranko ló fi kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni Google bá dá a lọ́lá!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ọbaníkòró tẹ́ ẹ ń sunkún owó ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́ èyí ná.

Ire Aderinokun, ọmọ Èkó, kò ti kíláàsì bẹ̀rẹ̀ rárá. Neopets ló ń ṣe ní kékeré, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, níbi téèyàn ti ń sin ẹranko tí kò sí láyé. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú ìwé ẹranko ẹ̀ rẹwà, àfi kó fọwọ́ kan HTML. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Sàíkọ́lọ́jì àti òfin ló kà ní Yunifásítì Bristol, síbẹ̀ òun lobìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí Google fi ṣe Developer Expert.

Ṣé ẹ rí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tó múlé gbè yín? Ọmọọṣẹ́ wọn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ látorí bébà òfìfo. Káàdì ìgbéyàwó àná ni wọ́n máa gbé fún un, kó yọ orúkọ, kó yí déètì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kóòdù. Ẹ tẹ Ctrl àti U pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kóòdù ojú ìwé tẹ́ ẹ wà á yọjú. Ẹ dà á kọ, ẹ yí àwọ̀ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bó bá dàrú, ẹ dá a padà. Dídàrú yẹn gan-an ni tíṣà.

Àmọ́ o, ká kọ́ṣẹ́ lára iṣẹ́ oníṣẹ́ ò burú. Ká wá forúkọ ara wa sí i, ká tà á, olè nìyẹn!